Káfíńtà Ará Amẹ́ríkà tí Ogun Ìbàdàn Tú Ilé Rẹ̀ Ká

Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn. Kò sí agboolé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Òjé, ní Bẹẹrẹ tàbí ní Ọjà'ba, àwọn onílù wa kì í sì í kì í. Ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá wa ló tú ilé rẹ̀ ká nígbà tó lé díẹ̀ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Orúkọ rẹ̀ ni James Churchwill Vaughan. Káfíńtà ni. Camden, ní South Carolina lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí ní 1828; Èkó ló kú sí ní 1893. Láàárín ọdún márùndínláàádọ́rin yẹn, ó gbé Làìbéríà, ó gbé agbègbè Ìjàyè, ó gbé Abẹ́òkúta kó tó wá fìdí kalẹ̀ sí Èkó. Ẹ̀ẹ̀mélòó ló kọ́lé? A ò lè kà á tán. Ṣùgbọ́n ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tó ní láti fi ohun tó kọ́ sílẹ̀, kó sì sá.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni àwa ń ṣe, kóòdù ni a ń kọ jẹun. Ní ìdí iṣẹ́ yìí, kò sí àtúnṣe tí kì í fi ipa sílẹ̀: ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tó ṣe é, ìlà tó yí padà. Bí nǹkan bá bàjẹ́, èèyàn á kàn máa tẹ̀ lé ipa náà sẹ́yìn títí yóò fi bá ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ìtàn ìdílé kì í rí bẹ́ẹ̀ o, pàápàá ìtàn ìdílé tí wọ́n fi ṣe ẹrú. Ní Amẹ́ríkà ayé ìgbà yẹn, ìgbà tí wọ́n bá ń ta ẹrú, tí wọ́n bá ń pín in bí ogún, tàbí tí wọ́n bá ń dá a sílẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ sábà máa ń wọ ìwé. Ohun tó mú kí ìdílé Vaughan yàtọ̀ ni pé ìwé wọn pọ̀. Ìwé wà ní kóòtù, ìwé wà lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì, ìwé wà ní Èkó, àwọn àgbà ìdílé náà sì fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn. Òpìtàn ará Amẹ́ríkà kan, Lisa Lindsay, ló tọ gbogbo ipa yìí, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2017 nínú ìwé tó pè ní Atlantic Bonds. Ẹ wá a kà tí ẹ bá rí i. Ohun tí a fẹ́ ṣe níbí yàtọ̀ díẹ̀: a fẹ́ wo ọkùnrin náà láti Òjé, láti ìlú àwọn tó bá a jà.

Iṣẹ́ káfíńtà bá a nínú ìdílé ni. Bàbá ìyá rẹ̀, Bonds Conway, jẹ́ ẹrú tó mọ iṣẹ́ igi dáadáa, tó fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra ara rẹ̀ padà ní 1793. Ẹ dúró lórí gbólóhùn yẹn díẹ̀: ó ra ara rẹ̀. Ilé kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ṣì dúró ní Camden títí di òní, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ìtàn ìlú náà ló ń lò ó. Bàbá Churchwill, Scipio, káfíńtà ni òun náà. Ẹrú ọ̀gbẹ́ni Wylie Vaughan ni kó tó gba òmìnira, orúkọ ọ̀gá yẹn ni ìdílé sì ń jẹ́ títí dòní. Ìyá rẹ̀, Maria Conway, kì í ṣe ẹrú. Ní òfin Amẹ́ríkà nígbà náà, inú ìyá ni òmìnira tàbí oko ẹrú ti ń wá, nítorí náà Churchwill jẹ́ ọmọ olómìnira láti ọjọ́ tí wọ́n bí i.

Ṣùgbọ́n irú òmìnira wo? Láti 1820, òfin South Carolina kò jẹ́ kí ọ̀gá kankan dá ẹrú rẹ̀ sílẹ̀ mọ́ àyàfi tí ilé aṣòfin bá fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn 1822, ọkùnrin dúdú olómìnira tó bá ti ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ gbọ́dọ̀ ní òyìnbó kan tí yóò ṣe onígbọ̀wọ́ fún un. Tó bá sì rìnrìn àjò jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ náà, kò gbọdọ̀ padà wá mọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ dé góńgó, tó ń kọ́ ilé fún àwọn olówó ìlú, tó tún ní láti wá òyìnbó tí yóò dúró fún un bí ọmọ kékeré! Kì í ṣe ohun ìyanu pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ níbẹ̀.

Níbí ni ìtàn ìdílé ti wọlé. Wọ́n ní nígbà tí Scipio ń kú lọ ní 1840, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n padà sí Áfíríkà, ilẹ̀ baba òun. Wọ́n tún ní Ẹ̀gbá ni Scipio fúnra rẹ̀, pé ilà wà lójú rẹ̀, pé nígbà tí Churchwill dé ilẹ̀ Yorùbá, ó rí àwọn tí ilà ojú wọn bá ti bàbá rẹ̀ mu, ó sì mọ̀ pé òun ti délé. Ìtàn tó dùn ni. Ó dùn débi pé ìwé ìròyìn Ebony gbé ìtàn ìdílé náà jáde ní Amẹ́ríkà ní 1975. Àmọ́ nígbà tí Lindsay wá inú ìwé, kò rí ohun tó ti apá Ẹ̀gbá yẹn lẹ́yìn. Ibi tí ìwé tọ́ka sí ni Virginia: ó jọ pé Amẹ́ríkà níbẹ̀ ni wọ́n bí Scipio sí.

Àwa kò rò pé irọ́ ni ìdílé náà pa. Ẹ bi àgbà agboolé mẹ́wàá ní Ìbàdàn pé níbo ni wọ́n ti wá, kí ẹ ka iye tí yóò sọ pé baba àwọn ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ààfin Ọ̀yọ́. Ìtàn orírun kì í kàn sọ ibi tí èèyàn ti wá, ó tún ń sọ ibi tó fẹ́ kí wọ́n gba òun sí. Àwọn ọmọ Vaughan tó dàgbà sí Èkó nílò ìdí tí wọn kò fi jẹ́ àlejò, ilà ojú sì ni ìwé àṣẹ ìwọ̀lú tó dára jù láyé ìgbà náà. Ohun tó dá wa lójú ni pé ọmọ náà kúrò nílé. Iye ọdún tó fi dúró kí ó tó lọ tilẹ̀ tó nǹkan: bàbá kú ní 1840, ó lé ní ọdún mẹ́wàá kí Churchwill tó wọkọ̀ ojú omi. Ó ní iṣẹ́ níwájú, ó ní ìyá, ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n. Ìgbà tí ayé àwọn dúdú olómìnira wá ń le sí i ní Gúúsù Amẹ́ríkà ló gbéra.

Ní 1853, ó ti wà ní Làìbéríà, orílẹ̀-èdè tí ẹgbẹ́ kan tí àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 1816 kó àwọn dúdú lọ, tó sì gba òmìnira ní 1847. Kò pẹ́ níbẹ̀ rárá. Ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Gúúsù Amẹ́ríkà gbà á síṣẹ́ láti wá kọ́ ilé fún àwọn míṣọ́nnárì wọn nílẹ̀ Yorùbá.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa àwọn tó gbà á síṣẹ́. Ìjọ yìí ya kúrò lára àwọn ará àríwá ní 1845 nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ẹni tó ní ẹrú lè máa ṣe míṣọ́nnárì. Owó tí wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ Vaughan, oko òwú ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, àwọn ẹrú ló sì ń ro oko náà. Ó sá fún wọn gba orí òkun kọjá, ó tún bá owó wọn níwájú. Kí ló fẹ́ ṣe? Káfíńtà ni, àwọn ló ní iṣẹ́.

Thomas Jefferson Bowen ni aṣáájú wọn. 1850 ló gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó sì wá tẹ̀dó sí Ìjàyè. Òun ló kọ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ilé-iṣẹ́ Smithsonian tẹ̀ jáde ní 1858. Ìjàyè ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì sí, lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé Yorùbá nígbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ nílò káfíńtà: ògiri amọ̀ tó nípọn, òrùlé koríko, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí àgbàlá ká, ilẹ̀kùn díẹ̀. Ilé tí àwọn òyìnbó ń fẹ́ lo nílò pákó, fèrèsé, ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì, àga àti tábìlì. Kò sì sí ibi tí èèyàn á ti lọ ra pákó. Igi ni wọ́n máa gé, ayùn tí èèyàn méjì ń fà ni wọ́n fi ń là á, kí ó tó di ohun tí ìṣó lè wọ̀. A rò pé ibi iṣẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjàyè ti kọ́kọ́ rí bí pákó ṣe ń jáde láti inú ìtì igi. Nígbà tó ṣe, Vaughan ní oko tirẹ̀ lẹ́yìn odi Ìjàyè. Níbẹ̀, kò sí òyìnbó tó gbọ́dọ̀ ṣe onígbọ̀wọ́ fún un.

Ìgbà náà ni àwa dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wo eré Kúrunmí tí Ọlá Rótìmí kọ mọ orí ọ̀rọ̀ náà. Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859. Àṣà àtijọ́ ní kí Àrẹ̀mọ bá ọba kú, ṣùgbọ́n Àtìbà ti fẹ́ kí Adélù ọmọ rẹ̀ jọba, Ìbàdàn sì gbà bẹ́ẹ̀. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó ń ṣàkóso Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀. Ní 1860 ogun bẹ́. Balógun Ìbíkúnlé ló kó ogun Ìbàdàn lọ, Ògúnmọ́lá tẹ̀ lé e. Àwọn Ẹ̀gbá wá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Kúrunmí kú ní 1861, ìlú rẹ̀ sì fọ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta, 1862. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún wa lọ́mọdé nìyẹn: orúkọ àwọn jagunjagun, ọjọ́ tí ìlú fọ́, kí ọmọ Ìbàdàn gbé àyà sókè. Ìjàyè kò jìnnà sí wa, kò ju ọgbọ̀n kìlómítà lọ. Tí ẹ bá gba Mọ́kọ́lá lọ sí Mọ́níyà, ẹ ti dé ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé tí Ìjàyè Orílé wà lónìí. Ìlú tó bá Ìbàdàn dọ́gba nígbà kan ni ó.

Nínú ìtàn ti Vaughan, ogun kan náà rí báyìí. Ọmọ Amẹ́ríkà míràn, míṣọ́nnárì Richard Henry Stone, jáde kúrò ní Ìjàyè lọ wá káfíńtà náà nínú oko rẹ̀ nígbà tí ogun ń sún mọ́lé. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn mú Stone lọ́nà, wọ́n mú un wá sí ìlú wa bí ẹrú ogun kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ ní 1899. Vaughan náà bọ́ sọ́wọ́ ogun, ó bọ́ níbẹ̀, ó gbé ìbọn, ó jà pẹ̀lú àwọn tó gbà á sílé. Oko rẹ̀ lọ. Ohun tó kó jọ lọ. Ìyà kò sì mọ sí ìhà Ìjàyè nìkan o. Ní Kúdẹtì níbí, David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wà láàárín wa, gbogbo ọ̀nà dí, ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n, wọ́n ń ta ẹrù ilé kí wọ́n lè jẹun. Ọmọ kékeré kan wà nínú ọgbà wọn nígbà náà tó ń jẹ́ Samuel Johnson; òun ló wá kọ The History of the Yorubas tí gbogbo wa ń tọ́ka sí, ìwé tí kò jáde títí di 1921.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun àwa lọ́kàn nìyí. Vaughan sá kúrò ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ra èèyàn tí wọ́n ń tà á. Ogun tó bá a ní Ìjàyè, èèyàn ni èrè rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó ní Ìjàyè, apá kan dé ìsàlẹ̀ òkun, apá kan ń ro oko àwọn olóyè ogun Ìbàdàn, apá kan di ìyàwó, di ọmọ ogun. A ń pe ara wa ní ọmọ Òjé, a ń yangàn pẹ̀lú ọjà tí Délésolú tẹ̀ dó, aṣọ òkè tí wọ́n ń tà níbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún síra kò sì ní ẹlẹ́gbẹ́. Àmọ́ nínú àwa tó ń yangàn yìí, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ tí ìyá ìyá wọn fi wọ ìlú, okùn wà níbẹ̀. Ta nínú wa ló lè sọ pé kì í ṣe òun? Kò sí ìwé kóòtù ní ti wa. Oríkì kì í sì í sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síta. Tó bá sọ ọ́, á fi òwe bò ó.

Lọ́dún kan náà tí Kúrunmí kú, ogun abẹ́lé bẹ́ ní Amẹ́ríkà, nítorí ẹrú. Owó ìjọ kò wá mọ́, àwọn míṣọ́nnárì náà di ẹni à ń wò. Vaughan ti sá dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú àwọn mìíràn láti Ìjàyè. Ó tún gbé ayùn. Ó fẹ́ Sarah Ọmọ́táyọ̀, ọmọ ìjọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Orúkọ tí wọ́n fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin wọn, Burrell, orúkọ ẹ̀gbọ́n tó fi sílẹ̀ ní South Carolina ni.

Ní oṣù kẹwàá 1867, Ifọ́lé ṣẹlẹ̀. Inú àwọn Ẹ̀gbá kò dùn sí bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ṣe ń na ọwọ́ wọ inú ilẹ̀ wọn, wọ́n sì yọ ìbínú náà lára àwọn míṣọ́nnárì: wọ́n fọ́ ilé ìjọsìn, wọ́n kó ẹrù, wọ́n lé àwọn òyìnbó. Vaughan kì í ṣe òyìnbó. Àmọ́ ní ojú àwọn tó ń fọ́lé lọ́jọ́ náà, ẹni tó ń wọ ṣòkòtò òyìnbó tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì òyìnbó, kí ni ìyàtọ̀? Ó tún sá. Ó ti tó ọmọ ogójì ọdún nígbà tó dé Èkó, ọwọ́ òfìfo ló sì bá dé.

Èkó ló ti wá rí ìsinmi. Ìlú náà ń dàgbà kíákíá lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní 1861. Àwọn Sàró ń dé láti Freetown, àwọn Àgùdà ń dé láti Brazil, olúkúlùkù ló sì fẹ́ kọ́lé. Àwọn Àgùdà ló gbówó nínú iṣẹ́ mọlé. Ẹ wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, ọwọ́ wọn ni. Vaughan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ káfíńtà, ó wá rí ohun tí káfíńtà ọlọ́gbọ́n máa ń rí: ẹni tó ń ta ìṣó ń jẹ ju ẹni tó ń kàn án lọ. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ àti ohun èlò ilé kíkọ́, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò tí Èkó mọ̀. Lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀ láàárín òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ẹni tó bá ti lówó ní ilẹ̀ àlejò sábà máa ń dákẹ́. Òun kò dákẹ́. Ní 1888, W. J. David, míṣọ́nnárì funfun tó ń ṣe olórí ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó, dá Moses Ládẹ̀jọ Stone, pásítọ̀ wọn, dúró lẹ́nu iṣẹ́ láìbi ìjọ. (Ẹ kíyè sí orúkọ yẹn: Stone tí Ìbàdàn mú lẹ́rú lọ́jọ́sí ni ọmọ Yorùbá yìí ń jẹ́.) Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ dìde, wọ́n jáde, Vaughan wà lára àwọn tó ṣáájú wọn, David Brown Vincent tó wá di Mọ́jọlá Àgbébí náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀, tó wá ń jẹ́ Ebenezer, ó sì wà lára àwọn ìjọ àkọ́kọ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá dúró tí wọ́n sì ń darí fúnra wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọkùnrin tí òfin ní kó wá òyìnbó tí yóò dúró fún un ní Camden ti kọ̀ báyìí pé òyìnbó kankan kò ní pinnu fún òun ní Èkó. Ó lé ní ogójì ọdún láàárín ìgbà méjèèjì. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ló kú. Ọdún 1893 yẹn náà ni Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ogun jíjà wa dópin.

Àwọn ọmọ rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an, Dókítà James Churchwill Vaughan, kọ́ ìṣègùn ní Glasgow, ó sì wà lára àwọn tó dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní 1934, ẹgbẹ́ tó wá di Nigerian Youth Movement. Kofoworọlá Moore, tí ìyá rẹ̀ Aida Arabella wá láti ìdílé yìí, gba oyè ní Oxford ní 1935, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Lady Kofo Adémọ́lá. Ní ìhà kejì òkun, ìdílé náà ní Aida Arabella tiwọn. Ọmọ rẹ̀, Jewel, agbẹjọ́rò Chicago, dé ipò igbákejì Solicitor General ní Amẹ́ríkà ní 1973, obìnrin tó kọ́kọ́ débẹ̀. Aida Arabella méjì, ọ̀kan ní Èkó, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, òkun láàárín wọn. Àwa tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ pe òkú ilé padà mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣèèṣì. Àwọn ìbátan náà ń wá ara wọn, wọ́n ń pàdé.

Ó ku ẹnì kan. Ayọ̀, nọ́ọ̀sì, ọmọ ìdílé Vaughan, fẹ́ òyìnbó ayàwòrán-ilé kan tó wá ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ọkùnrin náà fi orúkọ ìyàwó kún tirẹ̀, ó di Alan Vaughan-Richards. Ó kọ́ ilé tiwọn sí Ìkòyí, ní etí omi, ó sì bá Kúnlé Akínsẹ̀mọ́yìn kọ Building Lagos, ìwé nípa bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ilé Èkó àtijọ́ àti àwọn tó kọ́ wọn.